Oúnjẹ Ọdún ní Ìdálẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí ó fara jọ ọ̀rọ̀ ikùn lásán, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkàn nítòótọ́. Nígbà tí Kérésìmesì bá dé bá ọmọ Yorùbá ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì pinnu láti se oúnjẹ ọdún gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń sè é ní ilé baba rẹ̀, kí ni ohun tí ó lè fi òmíràn rọ́pò láìba ọdún jẹ́, kí sì ni ohun tí kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun rọ́pò? Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ó ní ọmọ, àbúrò, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ní òkè òkun. Nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa rárá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìkòkò fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n lọ sí Ìlú Ọba ní àwọn ọdún 1950 àti 1960 ni kò rí isu gún. Ìrẹsì lílọ̀ ni wọ́n ń rò bí ẹni ń ro ọkà. Àwọn mìíràn a sì da ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún òyìnbó mọ́ ọn, kí ó lè fà. Lónìí, isu tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Gánà wà lórí àtẹ ní Peckham, àti ní ọjà Ridley Road ní Dalston. Síbẹ̀, ẹni tí ń gbé inú ilé alájà púpọ̀ kò lè gbé odó kalẹ̀ sórí ẹni tí ń gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èlùbọ́ iyán inú àpò ni ó ń rò nínú omi gbígbóná. Ẹ̀fọ́ òyìnbó dúró ní ipò tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, ata tí àwọn ará Jàmáíkà sì ń lò dúró ní ipò ata rodo, kò sì yàtọ̀ sí i púpọ̀.

Ǹjẹ́ a ha lè pe èyí ní oúnjẹ ọdún bí? Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé ẹ̀tàn ni, pé ohun tí kò bá gba ẹnu odó jáde kì í ṣe iyán. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ti yanjú ọ̀ràn yìí kí ọkọ̀ kankan tó gbé ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n ní: iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá ni à ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Wọ́n fi olúkúlùkù oúnjẹ sí ipò tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò pe ẹni tí ó jẹ ẹ̀kọ ní ọ̀tá iyán. Ohun tí ọwọ́ bá tó ni ẹnu ń jẹ.

Pẹ̀lúpẹ̀lù, bí a bá yẹ ìkòkò ọdún ti ilé pàápàá wò, a ó rí i pé àlejò pọ̀ nínú rẹ̀. Ata àti tòmátì wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ ni àgbàdo, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí àwọn baba ńlá wa mọ̀ kí àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ sí tọ ọ̀nà òkun náà lẹ́yìn ọdún 1492. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, tí àwọn ọmọ wa kà sí olórí oúnjẹ Kérésìmesì, gba orúkọ rẹ̀ láti ìjọba Jolof ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà sì ṣì rántí ìgbà tí ìrẹsì ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í rí i jẹ bí kò ṣe ní ọjọ́ ọdún tàbí ọjọ́ Ìsinmi. Bí a bá wá bínú sí ẹni tí ó fi ẹ̀fọ́ òyìnbó se ọbẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, a ó ní láti bínú sí àwọn ìyá wa tí wọ́n kọ́kọ́ fi tòmátì se ọbẹ̀ nílé.

Nítorí náà, kì í ṣe èlò ọbẹ̀ ni ohun tí a ń wá. Bí a bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ènìyàn wa kan tí wọ́n ti dáná ní ìdálẹ̀ rí, kì í sì í ṣe nípa ìfẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Salvador ní Bahia ní ọdún 1835, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ti kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Bràsíìlì padà sí etí òkun wa. Àwọn mìíràn ni a lé jáde. Àwọn mìíràn fi owó ara wọn ra òmìnira. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà, àdúgbò wọn ní Èkó sì ń jẹ́ Popo Àgùdà títí di òní. Wọ́n mú oúnjẹ kan bọ̀ tí a ń pè ní frejon, láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn Potogí fi ń pe ẹ̀wà. Ẹ̀wà ni a ń sè títí yóò fi rọ̀, tí a ó lọ̀ ọ́ kúnná, tí a ó sì fi omi àgbọn àti ṣúgà sè é. Ọjọ́ Ẹtì Rere ni wọ́n ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja.

Àwọn tí kò rí ààyè padà bọ̀ pa oúnjẹ tiwọn mọ́ ní Bahia. Àkàrà ni wọ́n ń dín nínú epo pupa níbẹ̀ títí di òní, tí wọ́n sì ń pè é ní acarajé. Ní ọdún 2005, ìjọba Bràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tí ń dín in sínú ìwé àwọn ogún tí orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Kí ni ó dá ẹ̀mí oúnjẹ méjèèjì wọ̀nyí sí? Kì í ṣe pé wọ́n wà bí wọ́n ti wà ní àtètèkọ́ṣe, nítorí wọ́n ń fi edé àti ohun mìíràn há inú acarajé, èyí tí a kì í ṣe sí àkàrà tiwa. Ohun tí ó dá wọn sí ni pé wọ́n jáde kúrò nínú ilé. Ojú pópó ni a ti ń dín àkàrà Bahia, ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọjá lọ sì ń jẹ níbẹ̀. Ní Èkó, ìyálé ilé Àgùdà kì í se frejon mọ ti àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan. A máa bù ú sínú àwo ránṣẹ́ sí àwọn aládùúgbò, ìbáà ṣe ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí, ìbáà ṣe ọmọ Ìjọ wa. Oúnjẹ tí a bá sé ilẹ̀kùn mọ́ jẹ nítorí ìrántí nìkan, pẹ̀lú ẹni tí ó ń rántí ni yóò kú. Oúnjẹ tí ó bá jáde ni ó ń yè.

Èyí ni ìdáhùn wa sí ìbéèrè náà. Gbogbo ohun tí ń bẹ nínú ìkòkò ni a lè fi òmíràn rọ́pò, àfi àwo tí ń jáde lọ.

Ẹ wo bí a ti ń ṣe é nílé. Ní òwúrọ̀ Kérésìmesì, àwọn ọmọdé a máa gbé àwo tí a dé lórí, wọn a máa wọ ilé kan jáde bọ́ sí òmíràn. Aládùúgbò wa tí í ṣe Mùsùlùmí gba tirẹ̀. Nígbà tí Iléyá bá sì dé, ẹran àgbò yóò padà wá nínú àwo kan náà. Ṣùgbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì kì í rìn ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, ilẹ̀ a sì ṣú ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Olúkúlùkù ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé iyán kún tábìlì nínú ilé kan, kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan tí í ṣe ará ìlú wa sì wà ní òpópónà kan náà nínú yàrá kan ṣoṣo, tí ó ń jẹ búrẹ́dì. Onílé náà yóò sọ pé òun ṣe ọdún bí a ti ń ṣe é nílé. A kò lè gbà fún un. Iyán ilé ni ó jẹ, ṣùgbọ́n kò ṣe ọdún ilé.

Àwọn ẹlòmíràn yóò wí pé ohun tí ó tọ́ ni kí àlejò jẹ ohun tí onílẹ̀ ń jẹ, kí ó yan tòlótòló pẹ̀lú ọ̀dùnkún, kí ó sì gbàgbé iyán. Wòlíì Jeremáyà kọ̀wé sí àwọn ìgbèkùn ní Bábílónì pé kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n sì jẹ èso rẹ̀. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní Bábílónì kan náà ni Dáníẹ́lì ti kọ oúnjẹ ọba, tí ó sì bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀wà àti omi. Àwọn méjèèjì ṣe rere, nítorí kò sí ẹni tí ó ń wá adùn ẹnu ara rẹ̀ nínú wọn. Nítorí náà, kí ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀ se iyán tàbí kí ó yan tòlótòló. Ohun tí a óò bi í ni ẹni tí ó pè sí ìdí rẹ̀.

A mọ̀ pé kò rọrùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ pe àlejò rẹ̀ kí ọkọ̀ tó dẹ́kun ìrìn ní ọjọ́ 24, kí ó sì tẹ́ ibùsùn fún un. Tàbí kí ó gbé àsè náà sí ọjọ́ kejì, nítorí nọ́ọ̀sì tí ó ṣiṣẹ́ ní òru Kérésìmesì. Bí òórùn irú yóò bá wọ ilé aládùúgbò tí í ṣe òyìnbó, kí ó kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣáájú láti sọ fún un, kí ó sì tún kàn án lẹ́yìn náà pẹ̀lú àwo tí ata rẹ̀ kò pọ̀. Arúgbó tí ó ń dá gbé lè wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà.

Ọ̀rọ̀ kù fún àwa tí a wà nílé. Ní òde òní, àwọn ọmọ wa a máa fi àwòrán tábìlì ọdún wọn ránṣẹ́ sí wa. Nígbà mìíràn, gbèsè ni wọ́n fi ra ohun tí ó wà lórí rẹ̀, nítorí wọn kò fẹ́ kí a mọ̀ pé nǹkan le. Àwa náà a yin ẹran, a yin iyán, a sì fi ìyìn wa mú kí gbèsè ọdún tí ń bọ̀ pọ̀ sí i. Ó yẹ kí àwọn òbí yí ìbéèrè wọn padà. Nígbà tí ẹ bá tún bá wọn sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ ọdún, ẹ má ṣe bèèrè bóyá wọ́n rí iyán jẹ. Ẹ bi wọ́n pé, “Ta ni ó bá yín jẹun lónìí?” Bí kò bá sí ẹnìkan, ẹ má ṣe bá wọn wí, ẹ bá wọn wá orúkọ ẹnìkan tí ń gbé nítòsí wọn, kí ọdún tó tún yípo.