Ta Ni Yóò Sọ fún Wa Pé A Ti Dàgbà?

 

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé a ń dàgbà nínú Olúwa? Ọdún tí a ti lò nínú ẹgbẹ́ rọrùn láti kà. Aṣọ ẹgbẹ́ ń bẹ nínú àpótí, oyè ìjọ sì lè wà lórí wa. Ṣùgbọ́n ìwé Hébérù, orí 5, bá àwọn kan wí tó jẹ́ pé ó ti yẹ kí wọ́n di olùkọ́, síbẹ̀ tí wọ́n ṣì nílò wàrà bí ọmọ ọwọ́. Pípẹ́ nínú ìjọ yàtọ̀ sí dídàgbà.

Àwọn kan á ní, “Ọkàn mi ni yóò sọ fún mi.” Farisí inú Lúùkù orí 18 náà yẹ ara rẹ̀ wò, ó ka ààwẹ̀ àti ìdámẹ́wàá rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn sí ara rẹ̀. Agbowó òde tí kò lè gbójú sókè ni Ọlọ́run dá láre. Bí a bá ṣe ń súnmọ́ ìmọ́lẹ̀ ni àbàwọ́n aṣọ wa ń hàn sí wa sí i. Nítorí náà, ẹni tó ń dàgbà lè rò pé òun ń rẹ̀yìn, ẹni tó dúró lójú kan sì lè rò pé òun ti dé.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là á rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Irú ọgbọ́n yìí ló wà nínú kíláàsì tí àwa Mẹ́tọ́díìsì jogún. Ní ọdún 1742, gbèsè ilé ìjọsìn wà lọ́rùn àwọn ará ní Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Captain Foy dábàá pé kí olúkúlùkù máa dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀. Nígbà tí ẹnìkan ní àwọn tálákà kò ní lè san, ó ní kí wọ́n fi mọ́kànlá nínú àwọn tó tòṣì jù sábẹ́ òun. Ẹni tí kò bá ní, òun yóò san tirẹ̀. Bí àwọn olórí ṣe ń lọ gba owó láti ilé dé ilé, wọ́n bá ẹnìkan níbi tó ti ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, wọ́n bá ẹlòmíràn nínú ọtí. John Wesley rí i pé ohun tí òun ti ń wá nìyí. Bẹ́ẹ̀ ni gbígba owó ṣe di títọ́jú ọkàn.

Ẹ má jẹ́ kí ó padà di owó nìkan. Bí a bá sàmì sí káàdì obìnrin kan fún ogún ọdún, tí ẹnikẹ́ni kò bi í rí bóyá òun àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, káàdì náà kò tíì sọ nǹkankan nípa ọkàn rẹ̀.

Ìfẹ́, sùúrù àti ìwà tútù tó wà nínú Gálátíà orí 5, lára ẹlòmíràn ni a ti ń lò wọ́n. Igi kì í jẹ èso ara rẹ̀; ẹni tó jẹ ẹ́ ló mọ̀ bó ti dùn tó. Ọmọ ọ̀dọ̀ wa lè má lè sọ òótọ́ lójú wa, ṣùgbọ́n a lè kíyèsí i: ṣé ẹ̀rín inú ilé máa ń dákẹ́ bí a bá wọlé?

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ àṣírí á di ọ̀rọ̀ ọjà. Ẹ̀rù náà tọ́. Ẹni tí yóò gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn arábìnrin rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè pa ẹnu mọ́. Èyí gan-an wà lára àmì ìdàgbà.

Nítorí náà, kí ìpàdé kíláàsì tó ń bọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù wa lọ bá arábìnrin kan tó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé, kí a sì bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ rí ní ìpàkọ́ mi?” Kí Olúwa fún wa ní etí tí yóò gba ìdáhùn náà. Àmín.