Ta Ni Yóò Mú Ọkọ̀ Onírin Búra?

Àgbẹ̀ oníkòkó Ọ̀wẹnà, nílẹ̀ Ìdànrè, kì í lọ oko láìmú àdá dání. Irin ni àdá, Ògún ló sì ni irin. Bí wọ́n bá ní kí ẹni tó ń sin Ògún búra, irin ni yóò fi ẹnu kàn; bó bá purọ́, irin yẹn náà ni yóò bá a jà. Ìgbàgbọ́ yìí kò gbé ẹnikẹ́ni ga ju ohun ìjà ọwọ́ rẹ̀ lọ. Irin tó fi ń gé nǹkan lè gé òun náà.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà wá ọ̀nà láti fi ọkọ̀ ogun onírin bọ́ lábẹ́ òfin yẹn.

Ìbẹ̀rù ló bí i. Ní 1853, ní Sinop, ọta abúgbàù àwọn ará Rọ́ṣíà jó àwọn ọkọ̀ ogun onígi ti Tọ́kì di eérú. Kò pẹ́ tí Faransé fi awẹ́ irin tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 12 bo ọkọ̀ onígi kan, Gloire, tí wọ́n sọ sómi ní 1859. Gẹ̀ẹ́sì dáhùn ní 1860 pẹ̀lú Warrior, tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ irin. Nígbà tó di ọjọ́ 8 oṣù Kẹta 1862, ní Hampton Roads ní Amẹ́ríkà, ayé rí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọkọ̀ onírin Virginia ń bọ̀ wá bá Cumberland, ọkọ̀ onígi. Àwọn ará Cumberland yìnbọn títí, ọta wọn ń ta dànù lára irin tó dagun náà bí òkò lára àpáta. Virginia kàn án ní ìhà, Cumberland sì rì. Virginia jó Congress, ọkọ̀ onígi mìíràn, pẹ̀lú. Ó lé ní 200 ènìyàn tó bá àwọn ọkọ̀ onígi wọ̀nyí lọ lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, Monitor, onírin bíi tirẹ̀, dé. Wọ́n jà fún bíi wákàtí mẹ́rin, ìkankan kò rí èkejì rì.

Bí irin bá pàdé irin, ìjà ni. Bí irin bá pàdé ẹni tí kò ní irin ńkọ́?

Èkó ti rí irú rẹ̀ kí Gloire tó dé. Ní òpin oṣù Kejìlá 1851, Gẹ̀ẹ́sì kó ọkọ̀ ogun wọ ọ̀sà láti lé Ọba Kòsọ́kọ́, kí wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Bloodhound wà lára wọn. Kò ní awẹ́ ìdáàbòbò bíi ti Gloire, ṣùgbọ́n irin ni ara rẹ̀, ẹ̀rọ ló sì ń wà á. Àwọn ará Èkó ti ri òpó mọ́ inú omi, wọ́n sì mọ odi yẹ̀pẹ̀ sétí ọ̀sà. Wọ́n jà dáadáa: Teaser, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, fi ìdí sọlẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná mú ilé ẹ̀tù kan ní Èkó, Kòsọ́kọ́ sá lọ sọ́nà Ìjẹ̀bú. Ogun Ahóyaya ni àwọn ará Èkó pè é.

Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn fún ẹni tó bá fẹ́ sòótọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní òwò ẹrú làwọn wá dá dúró, òwò ẹrú sì burú. Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣòògùn ní 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Myrmidon, ló gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822. Ní oṣù Kọkànlá 1851 gan-an, ó wà níwájú Ọbabìnrin Victoria, ó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Èkó. Ta ni yóò dá a lẹ́bi?

Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Prometheus, dúró sínú ọ̀sà kan náà, ẹnu ìbọn àgbá rẹ̀ kọjú sí Èkó. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé, Èkó sì di ti Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tún dárúkọ òwò ẹrú. Ẹni tí kò sí ohun tó lè bà á lára ti di adájọ́ nínú ẹjọ́ ara rẹ̀, kò sì sí irin tí ẹnikẹ́ni lè ní kó fẹnu kàn. Ìtúsílẹ̀ Crowther jẹ́ iṣẹ́ rere. Gbígba Èkó jẹ́ ìrẹ́jẹ. Kí a má ṣe fi ti àkọ́kọ́ san gbèsè ti ìkejì.