Ṣé Sàráà Ni Adití Ń Tọrọ?

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: bí adití bá ní òun fẹ́ ògbufọ̀ ní ọsibítù ìjọba, ṣé sàráà ló ń tọrọ?

Ká ní ìyá kan tí kò gbọ́rọ̀ gbéra láti Ìjẹgun-Ẹ̀gbá wa yìí lọ rí dókítà. Bí kò bá sí ẹni tó mọ èdè ọwọ́ níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ kékeré ni yóò ṣe ògbufọ̀. Àṣírí ara ìyá wá di ohun tí ọmọdé ń rò fún àlejò.

Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣòfin fún àwọn aláàbọ̀ ara ní 2011. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2019, tí àwọn adití náà wà lára àwọn tó jà fún un, sọ pé dandan ni kí ọsibítù ìjọba pèsè ọ̀nà tí irú wọn yóò fi gbọ́ra yé pẹ̀lú dókítà.

Àwọn kan á ní owó kò sí. Ṣùgbọ́n a ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí mọ́sálááṣí nítorí àwọn ará ẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó pè é ní sàráà.

Ẹ rántí Súrà Abasa. Afọ́jú nì, ọmọ Ummu Maktum, kò wá tọrọ owó lọ́dọ̀ Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ìmọ̀ ló wá bèèrè, Ọlọ́hun sì bá Ànábì wí nítorí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, adití ń jókòó tì wá láti ìbẹ̀rẹ̀ kútùbà dé òpin. Ta ni nínú wa ló lè sọ ohun tí lèmọ́mù wí fún un?