"Òyìnbó!" Ta Ni À Ń Pè Bẹ́ẹ̀?



Gbogbo wa tí à ń gbé Odígbó àti Ọ̀rẹ̀ la mọ bí ó ti ń rí nígbà tí àwọn èrò ọkọ̀ Èkó àti ti Benin bá sọ̀kalẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀ láti jẹun. Bí òyìnbó kan bá wà láàárín wọn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀ ni àwọn ọmọdé ti pariwo, "Òyìnbó! Òyìnbó!" Ọlọ́sàn á bù owó lé ọjà. Ọmọ kan á sáré lọ fọwọ́ kan irun rẹ̀. Àwa náà á máa rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ìkórìíra níbẹ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n báwo ni ó ti ń rí lára àlejò náà? Nílé rẹ̀, orúkọ ni wọ́n fi ń pè é. Ó lè ti pé àádọ́ta ọdún kí ó má tíì ronú lọ́jọ́ kan pé òun ní àwọ̀. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọ̀ yìí ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń rí. Lọ́jọ́ kìíní á rẹ́rìn-ín. Tí ó bá di oṣù kẹta, ó lè máa ro ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó jáde lọ ra búrẹ́dì.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti obìnrin òyìnbó tí ó fẹ́ ọmọ wa, tí ó bímọ fún wa, tí ó gbọ́ Yorùbá, tí a ṣì ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́jà lẹ́yìn ogún ọdún. Ìgbà wo ni yóò di ìyàwó ilé? Ní 1979 ni àwọn obìnrin ilẹ̀ òkèèrè tí ó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ Nigerwives sílẹ̀ láti máa ran ara wọn lọ́wọ́. A kò sọ pé ariwo "òyìnbó" ló fà á o, ṣùgbọ́n ẹni tí ilé ti gbà tán kì í fi bẹ́ẹ̀ wá ẹgbẹ́ kiri.

Àwọn kan nínú wa yóò ní, "Àwọn ọmọ wa ní London ńkọ́?" Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò dọ́gba. Àga là ń gbé fún òyìnbó ní Ọ̀rẹ̀. Iṣẹ́ àti ilé ni wọ́n ti fi du ọ̀pọ̀ ọmọ wa lọ́hùn-ún nítorí àwọ̀. Síbẹ̀, àwa tí a mọ bí ó ti ń dunni ló yẹ kí ó tètè yé.

Ẹ rántí Thomas Birch Freeman, tí ó mú ìhìnrere Mẹ́tọ́díìsì dé Àgbádárìgì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842. Adúláwọ̀ ni baba rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí i sí, ọmọ adúláwọ̀ ni. Nígbà tí ó dé Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá ọdún náà, òyìnbó ni àwọn èrò fi kí i káàbọ̀. Níbo ni òyìnbó náà wà lára rẹ̀?

Níbi ìnáwó kan ní àdúgbò wa, àwọn ọmọdé yí ìyàwó òyìnbó kan ká, wọ́n ń pariwo bí ìṣe wọn. Ìyá ọkọ rẹ̀ jáde síta. Ó ní, "Òyìnbó wo? Ìyá Ìbejì nìyí." Àwọn ọmọ náà wojú ara wọn. Ọ̀kan kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káalẹ́ mà, Ìyá Ìbejì."