ỌKÀN ÀLEJÒ
Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 23:9



Nínú ẹsẹ yìí, Ọlọ́run kò kàn pàṣẹ fún Ísírẹ́lì pé kí wọn má ṣe ni àlejò lára. Ó sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú: wọ́n ti ṣe àlejò rí ní Íjíbítì, wọ́n sì mọ bí ọkàn rẹ̀ ti ń rí. Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn Shan yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìhà ìlà-oòrùn Bọ́mà, tí a ń pè ní Myanmar báyìí, ni ilẹ̀ wọn. Orúkọ Bọ́mà kò ṣàjèjì sí wa, nítorí àwọn bàbá wa kan bá ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lọ jà níbẹ̀ nígbà ogun Hitler. Títí di 1959, àwọn Shan ní àwọn ọba tiwọn tó ń ṣàkóso, tí wọ́n ń pè ní saopha. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná ọjà, ìlú kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀, bí àwọn ìyá wa ti ń ná ọjà ọrọọrún. Wọ́n ń se ẹ̀wà sóyà, wọ́n á bò ó títí yóò fi dà bí irú, wọ́n á sì fi se ọbẹ̀. Ẹlẹ́sìn Búdà ni ọ̀pọ̀ wọn. Bí ọmọkùnrin wọn bá ń lọ kọ́ ẹ̀sìn nílé àwọn mọ́ńkì, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ bí ọmọ ọba, wọ́n á sì gbé e sí èjìká.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì, 1947, ní ìlú Panglong, àwọn olórí Shan, Kachin àti Chin bá Aung San ṣe àdéhùn pé àwọn yóò jọ gba òmìnira, ṣùgbọ́n kálukú yóò máa ṣàkóso ilé rẹ̀. Òmìnira dé ní 1948. Ní 1962, àwọn ṣọ́jà gbàjọba, àdéhùn sì fọ́. Sao Shwe Thaik, ọba Yawnghwe tí ó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ Bọ́mà, kú sí ẹ̀wọ̀n lọ́dún náà. Láàrin 1996 àti 1998, àwọn ọmọ ogun lé ènìyàn tó ju 300,000 lọ kúrò ní abúlé wọn. Ọ̀pọ̀ sá lọ sí Thailand. Ìjọba ibẹ̀ kò dá àgọ́ sílẹ̀ fún wọn bí ó ti ṣe fún àwọn Karen, nítorí náà wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ilé kíkọ́, ọ̀pọ̀ láìní ìwé. Ní 2021, àwọn ṣọ́jà tún gbàjọba, ogun sì tún gbilẹ̀.

Ará, ta ni nínú wa ni kò mọ ohun tí ó ń jẹ́ “ìwé”? Nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹni tí kò ní ìwé a máa fi àìsàn mọ́ra títí yóò fi wọ̀ ọ́ lára, nítorí ẹ̀rù ìbéèrè. Síbẹ̀, lẹ́yìn ìsìn, a ń gbọ́ ọ láàrin wa pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ti pọ̀ jù, pé kí ìjọba ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó ti sọdá odò kò gbọdọ̀ yọ afárá.

Ẹlòmíràn á ní, “Ṣebí ẹlẹ́sìn Búdà ni wọ́n, kí ló kàn wá?” Ẹsẹ yìí kò béèrè ẹ̀sìn àlejò.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ rántí àwọn Shan nínú àdúrà yín. Ẹ kí ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn tí ẹ kò mọ̀, ẹ má sì béèrè ìwé rẹ̀. Bí ẹ̀rù ọsibítù bá ń ba ẹnìkan, ẹ tẹ̀lé e lọ.

Kí Olúwa má jẹ́ kí a gbàgbé ibi tí ó ti mú wa wá. Àmín.