Ta Ló Mú Owó Jáde Lápò?



Ọmọ kéwú wa kan ní Olúpọ̀nnà níbí jẹ́wọ́ fún wa pé òun ra expo nígbà ìdánwò àṣekágbá girama. A bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Áfáà, Ṣàítánì ló tì mí, gbogbo wa la sì jọ ṣe é." A ní, "Ta ló mú owó jáde lápò?" Ó dorí kodò.

Ìbéèrè yìí kan gbogbo wa. Ṣàítánì kò lè ṣe ju kó pe ni lọ. Ẹni tó pè ló ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ìdí nìyí tí sharia kò fi ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ọmọdé àti ẹni tí orí rẹ̀ kò pé lọ́rùn, àmọ́ tó kà á sí ẹni tó bàlágà tó sì ní làákàyè lọ́rùn. Kádàrà náà kì í ṣe àwáwí: ẹni tí ebi ń pa kì í jókòó de kádàrà kó tó wá oúnjẹ.

Òfin líle nìkan kò lè wo àrùn yìí sàn. Ní 1977, ìbéèrè ìdánwò WAEC jò káàkiri Nàìjíríà, tí wọ́n fi ń pè é ní Expo 77. Ní 1984, Òfin 20 ti ìjọba ológun sọ pé ẹ̀wọ̀n ọdún 21 ni fún ẹni tó bá ṣe màgòmágó ìdánwò. Síbẹ̀, màgòmágó kò tán, nítorí ọlọ́pàá kò lè wọ inú ọkàn.

Olúkúlùkù ni yóò ṣọ́ ọkàn tirẹ̀. Al-Kùránì dárúkọ ipò mẹ́ta tí nafsi, ìyẹn ẹ̀mí ènìyàn, lè wà: èyí tó ń pàṣẹ aburú, èyí tó ń bá ara rẹ̀ wí, àti èyí tó fọkàn balẹ̀. Áfáà àgbà kan ní Baghdad, Al-Muhasibi, tó kú ní 857, gba orúkọ rẹ̀ láti ara bó ṣe máa ń ṣírò iṣẹ́ ara rẹ̀.

Nígbà tí àwa àti ọmọ wa ṣírò tirẹ̀, a rí i pé kì í ṣe àárọ̀ ìdánwò ló ṣubú. Ó ti ṣubú láti ọjọ́ tí ìṣirò kò yé e tó sì tijú láti bèèrè. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Kí a mọ̀ pé jìbìtì burú kò tó. Kí a mọ ẹnu ọ̀nà tí àwa gan-an máa ń gbà ṣubú, kí a sì tì í kí ọjọ́ ìdánwò tó dé.

Nítorí náà, kí a tó sùn lálẹ́ òní, kí kálukú bi ara rẹ̀: Kí ni mo ṣe? Kí ló dé tí mo fi ṣe é? Kí ni n ó yí padà lọ́la? Ẹni tó bá ti ṣẹ̀, kó tuúbá. Ọmọ wa ti padà sídìí ìwé ìṣirò.

Kí Ọlọ́hun fi ọ̀nà mọ̀ wá, kó sì fún wa lágbára láti tọ̀ ọ́. Āmīn.