Àgbà Ṣubú, Ó Wo Ẹ̀yìn: Kí Ló Rí?

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Níbi ìnáwó kan ní Èbúté Mẹ́ta ni mo ti gbọ́ òwe yìí tí wọ́n fi ń bá òṣèré kan wí. Ó pẹ́ tí iṣẹ́ ti dá lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá fẹ́ padà sórí ìtàgé. Wọ́n ní kó wo ẹ̀yìn, kó lọ bẹ àwọn tí eré rẹ̀ bí nínú. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú gidigidi.

Òwe yìí kò ṣòro. Ọmọdé ń wo ẹni tí yóò gbé e dìde. Àgbà ń wá ohun tó gbé e ṣubú. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé ẹsẹ̀ àgbà ló máa ń jẹ̀bi?

Ẹ wo Hubert Ògúndé. Ọlọ́pàá ni ní àgọ́ Denton, ní Èbúté Mẹ́ta yìí, láti 1943; ní 1946 ó fiṣẹ́ ọba sílẹ̀, ó gbájú mọ́ tíátà. Ní 1964, ó gbé Yorùbá Ronú jáde, ó fi bu ẹnu àtẹ́ lu ìjà àwọn olóṣèlú wa. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Akíntọ́lá ń darí fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀. Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, títí dé Ìjẹ̀bú tí wọ́n ti bí i, kò lè ṣeré níbẹ̀ mọ́. Ìjọba àpapọ̀ ló ni Èbúté Mẹ́ta nígbà náà, Ìwọ̀-Oòrùn ló ni Mùṣín: ó lè ṣeré níhìn-ín, kò gbọdọ̀ ṣe é lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀, ìlú dé ìlú ni ẹgbẹ́ náà ti ń pawó.

Àgbà wo ẹ̀yìn. Ó rí i pé òun kò kọsẹ̀, wọ́n ti òun ni. Kò lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Eré mìíràn, Òtítọ́ Korò, ló fi dá wọn lóhùn. Ní 1966, lẹ́yìn tí ológun gbàjọba, Fájuyì, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, fagi lé òfin náà. Ògúndé padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì ṣe fíìmù Ayé ní 1979.

Mi ò sọ pé òṣèré kì í jẹ̀bi. Bí ọtí ló bà á jẹ́, kó jáwọ́. Bó bá jẹ owó ẹgbẹ́, kó san án. Ṣùgbọ́n mo bá òwe yìí jà níbì kan: ó fi iwájú fún ọmọdé nìkan. Àgbà tó bá tẹjú mọ́ ẹ̀yìn, àbámọ̀ ni yóò pa iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà, kí ẹ tó pa òwe yìí fún ẹni tó ṣubú, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ńṣe ni wọ́n tì í. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó tì í ni kí ẹ bá wí.